ÌKÌLỌ̀ KÌ Í ṢE ÌHALẸ̀



Nínú Al-Kùránì Alápọ̀n-ọ́nlé, Ọlọ́hun pe Ànábì wa Muhammad (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) ní "bashiir", oníròó ìdùnnú, àti "nadhiir", olùkìlọ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wa ni ó ń pe ìkìlọ̀ ní ìhalẹ̀. Wọn kì í ṣe ọ̀kan náà. Ẹni tí ó ń halẹ̀ fẹ́ kí a bẹ̀rù òun. Ẹni tí ó ń kìlọ̀ rí ewu tí àwa kò rí, kò sì fẹ́ kí ó bá wa.

Ẹ rántí ọjọ́ tí Ànábì gun òkè Safa ní Mẹ́kà. Ó bi àwọn Kuraiṣi pé bí òun bá sọ pé ogun ẹlẹ́ṣin ń bọ̀ lẹ́yìn òkè náà, ṣé wọn yóò gba òun gbọ́? Wọ́n ní bẹ́ẹ̀ ni, nítorí àwọn kò gbọ́ irọ́ lẹ́nu rẹ̀ rí. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó kìlọ̀ ìyà Ọlọ́hun fún wọn, Abu Lahab, arákùnrin bàbá rẹ̀, ṣépè fún un.

Àwa tí a tẹ̀dó sí Ugbolokposo kò níláti lọ jìnnà kí a tó rí àríkọ́gbọ́n. Ní oṣù kẹwàá ọdún 1998, iná sọ níbi tí epo bẹntiróòlù ti ń dà láti inú páìpù ní Jesse, ní Ìpínlẹ̀ Delta yìí kan náà. Àwọn tí ó kú lé ní ẹgbẹ̀rún kan. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ló wá bu epo. A kò dá wọn lẹ́jọ́. Ọ̀rọ̀ wọn di ọ̀dọ̀ Ọlọ́hun. Ṣùgbọ́n ikú wọn ti di ìkìlọ̀ fún àwa tí ó kù. Síbẹ̀, a ṣì ń gbé kẹ́ẹ̀gì epo sínú yàrá tí àwọn ọmọ ń sùn sí, tí sítóòfù sì ń jó lẹ́nu ọ̀nà. Bí ẹnìkan bá sọ̀rọ̀, a ó ní Ọlọ́hun ni ó ń ṣọ́ni. Òtítọ́ ni, Ọlọ́hun tí ó ń ṣọ́ni náà ni ó sì ń rán olùkìlọ̀ sí wa.

Sùúrà Al-Mulk jẹ́ kí a mọ̀ pé àwọn ẹ̀ṣọ́ iná ọ̀run yóò bi àwọn ará inú rẹ̀ bóyá olùkìlọ̀ kò wá bá wọn. Wọn yóò jẹ́wọ́ pé ó wá, àwọn ni àwọn pè é ní òpùrọ́. Kí Ọlọ́hun má ṣe wá ní ẹni tí yóò jẹ́wọ́ bẹ́ẹ̀. Àmín.

Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí a gbé epo kúrò nínú yàrá lónìí. Kí òbí máa fi sùúrù kìlọ̀, kí ọmọ má sì kà á sí èébú. Àbọ̀ ọ̀rọ̀ ni a ń sọ fún ọmọlúàbí. Bí ó bá dé inú rẹ̀, a di odindi.

Wa salaam.