Ọjọ́ Tí A Kò Kọ Sínú Ìwé

Àwọn àgbà a máa wí pé ẹni tí ó gbé epo lájà kò jalè tó ẹni tí ó gbà á sílẹ̀ fún un. Ó pẹ́ tí mo ti ń pa òwe yìí fún àwọn ẹlòmíràn kí ó tó di ọjọ́ kan tí ó yí padà, tí ó sì dojú kọ èmi alára, nínú ọkọ̀ ojú irin kan tí ń sáré bí àṣá láti ilẹ̀ Bẹ́ljíọ̀mù lọ sí ilẹ̀ Jámánì, ní ọdún 2018. Ohun tí ó fà á kò tóbi lójú. Àpótí kékeré kan ni, tí a fi ìlà mẹ́rin yà sórí ìwé pélébé, tí ó yẹ kí a kọ ọjọ́ sí, tí a kò sì kọ ọ́. Ṣùgbọ́n ìbéèrè tí ó wà nínú àpótí náà kò kéré, òun ni mo sì fẹ́ kí èmi àti ẹ̀yin òǹkàwé jọ gbé yẹ̀ wò: bí ẹni tí a bá ṣe àdéhùn bá fi ohun kan dù wá, ǹjẹ́ ó tọ́ kí àwa náà yọ́ nǹkan mú padà lọ́wọ́ rẹ̀?

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ ṣe àlàyé ìwé náà fún àwọn tí kò tíì lò ó rí. Páàsì ni à ń pè é. Ẹni tí ó bá ra páàsì àwọn rélùwéè ilẹ̀ Yúróòpù kò ní máa ra tíkẹ́ẹ̀tì láti ìlú dé ìlú mọ́. Owó kan ṣoṣo ni yóò san, yóò sì máa fi ìwé kan náà wọ ọkọ̀ ilé-iṣẹ́ púpọ̀ tí ó wà nínú àdéhùn náà. Oríṣi méjì ni. Èyí tí ń jẹ́ Eurail bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1959, fún àlejò tí ó ti òkè òkun wá, bí ẹni tí ó gbéra láti Ìbàdàn tàbí láti Bahia. Èyí tí ń jẹ́ Interrail bẹ̀rẹ̀ ní 1972, fún àwọn tí ń gbé ilẹ̀ Yúróòpù fúnra wọn. Àwọn ọ̀dọ́ tí kò ju ọmọ ọdún 21 lọ nìkan ni a dá a sílẹ̀ fún nígbà náà, ilẹ̀ 21 ni ó sì kárí. Lónìí arúgbó pàápàá lè rà á, ilẹ̀ tí ó kárí sì ti di 33. Ọmọ Yorùbá tí ó fi London ṣe ilé, Interrail ni tirẹ̀, nítorí ibi tí ènìyàn ń gbé ni wọ́n ń wò, kì í ṣe ibi tí a bí i sí.

Èyí tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń rà ni ti ọjọ́ díẹ̀ láàrin oṣù kan. Bí a bá ra ti ọjọ́ mẹ́rin, àpótí mẹ́rin ni yóò wà lórí ìwé náà. Ní ọjọ́ tí a bá fẹ́ rìn, kí a tó wọ ọkọ̀ àkọ́kọ́, a ó fi kálámù oníyíǹkì kọ ọjọ́ àti oṣù sínú àpótí kan, a ó sì kọ ibi tí a ti wọkọ̀ àti ibi tí à ń lọ sí ìsàlẹ̀. Láti ìgbà náà títí di òru, kò sí iye ọkọ̀ tí a kò lè wọ̀. Ẹni tí ó bá pa ohun tí ó kọ rẹ́ tí ó sì tún òmíràn kọ ti rú òfin. Láti ọdún 2020 ni fóònù ti ń gba ipò ìwé náà lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ arìnrìn-àjò, ṣùgbọ́n ìdánwò tí mo fẹ́ sọ kò tíì kúrò níbẹ̀; ẹni tí ó bá fẹ́ lè máa wo ẹnu ọ̀nà títí yóò fi rí aṣọ òṣìṣẹ́ lọ́ọ̀ọ́kán, kí ó tó fọwọ́ kan fóònù rẹ̀.

Ẹ wá wò ó, páàsì yìí dàgbà ju àwọn ọkọ̀ ayára ilẹ̀ Yúróòpù lọ. Ní 1972 tí Interrail bẹ̀rẹ̀, orí àga gbọọrọ ni èrò púpọ̀ ń jókòó, bí ẹnì kan bá sì dé, wọn a sún fún un. Ìgbà tí ó di 1981 ni àwọn Faransé gbé TGV jáde láàrin Paris àti Lyon. Ní 1994 ni ọkọ̀ Eurostar bẹ̀rẹ̀ sí gba abẹ́ òkun kọjá láti London. Bí ọkọ̀ òfurufú ni wọ́n ń ta ààyè inú irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀: àga kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà, nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan ní orúkọ. Nítorí náà, ẹni tí ó mú páàsì lọ́wọ́ ní láti tún san owó ìjókòó kí ó tó lè wọ̀ ọ́. Kì í sì í ṣe owó náà nìkan. Àwọn kan nínú irú ọkọ̀ wọ̀nyí a máa ka iye àga tí wọn yóò fi sílẹ̀ fún àwọn onípáàsì, bí ìyẹn bá sì tán, ó tán, bí àga mìíràn tilẹ̀ ṣófo nínú ọkọ̀ náà. Ní Jámánì, ọ̀tọ̀ ni tiwọn. Onípáàsì lè wọ ọkọ̀ ayára wọn láìsan owó ìjókòó rárá. Bí ó bá rí àga, kí ó jókòó. Bí kò bá rí, kí ó dúró.

Mo ti gbọ́ tí àwọn ènìyàn ń jiyàn lórí èwo ni ó sàn nínú méjèèjì. Èmi rí ẹ̀tọ́ nínú méjèèjì. Ti Jámánì dùn mọ́ ẹni tí ara rẹ̀ le, ṣùgbọ́n ìyá arúgbó tí ó dúró fún wákàtí kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn lè má fi bẹ́ẹ̀ yin òmìnira. Owó ìjókòó fúnra rẹ̀ kò sì jọ ìrẹ́jẹ lójú mi nísinsìnyí, nítorí ọ̀nà ni mo rà, n kò ra àga. Ohun tí ó jọ ìrẹ́jẹ ni kí a fi lẹ́tà gàdàgbà polongo pé gbogbo Yúróòpù ti ṣí sílẹ̀ fún ọ, kí a sì wá fi lẹ́tà tí kò ju ẹyin èèrà lọ kọ ọ́ sí ìsàlẹ̀ pé ó ku ohun kan.

Ìbínú èyí ni ó wà nínú mi ní ọdún náà. Èmi àti ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kan ni a jọ ń lọ, ọmọkùnrin tí ń kàwé ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí òun àti èmi sì jọ ra páàsì ọjọ́ díẹ̀. Níbẹ̀rẹ̀ ìrìn àjò wa, ilé-iṣẹ́ kan tí n kò ní dárúkọ sọ fún wa pé àga àwọn onípáàsì ti tán ní ọjọ́ tí a fẹ́. A dúró fún ọjọ́ méjì, a san owó ilé ìtura fún òru méjì tí a kò rò tẹ́lẹ̀, a sì tún san owó ìjókòó. Nígbà tí a wá wọ ọkọ̀ náà, àga tí ó wà níwájú wa ṣófo, èyí tí ó wà lẹ́yìn wa ṣófo. Mo sọ̀rọ̀ ní ọjọ́ náà! Mo ní olè ni wọ́n, mo ní wọ́n ta ọ̀nà fún wa tán, wọ́n tún ń ta ilẹ̀ tí a ó fi ẹsẹ̀ tẹ̀. Ọmọ náà ń rẹ́rìn-ín, mo rò pé ọ̀rọ̀ náà kàn ń pa á lẹ́rìn-ín ni.

Ní ọjọ́ kejì, a fẹ́ ti Brussels lọ sí Frankfurt. Ọkọ̀ ayára Jámánì ni, kò sì sí owó ìjókòó. Mo mú kálámù jáde ní téṣàn, mo wo àpótí kejì lórí ìwé mi, mo sì dá kálámù padà sápò. Mo ní, “A ó kọ ọ́ bí wọ́n bá dé.” Bí mo ṣe wí nìyẹn, mo sì wí i létí ọmọ.

A kọjá Liège, kò sí ẹni tí ó béèrè nǹkan lọ́wọ́ wa. A kọjá Aachen, a ti bọ́ sí Jámánì nìyẹn. A dé Köln, ọ̀pọ̀ sọ̀kalẹ̀, ọ̀pọ̀ wọlé. Láti Köln ọkọ̀ náà bọ́ sí ojú irin tuntun tí wọ́n ṣí ní 2002, níbi tí ó ti lè sáré tó 300 kìlómítà ní wákàtí kan, tí àwọn òkè ń kọjá lójú fèrèsé bí ẹni ń ṣí ìwé kíákíá. Ìgbà náà ni ọmọ ẹ̀gbọ́n mi fara mọ́ mi, ó ní:

“Bàbá, bí wọn kò bá dé kí a tó dé Frankfurt, a ti jèrè ọjọ́ kan nù un.”

Mo bi í pé, “Lọ́wọ́ ta ni a ti jèrè rẹ̀?”

Ó ní, “Lọ́wọ́ àwọn tí ẹ̀yin fúnra yín pè ní olè ni.”

Mo sọ fún un pé àwọn tí ó gba owó ìjókòó lọ́wọ́ wa kọ́ ni ó ń gbé wa lọ yìí; pé ọkọ̀ tí a wà nínú rẹ̀ kò béèrè kọ́bọ̀. Ó ní ẹgbẹ́ kan náà ni gbogbo wọn, ìwé kan náà ni wọ́n sì fi gba owó lọ́wọ́ wa. Kò purọ́. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ rẹ̀ náà ni ó tú u fó. Àpapọ̀ owó páàsì ni àwọn ilé-iṣẹ́ náà ń pín láàrin ara wọn gẹ́gẹ́ bí ìrìn àwọn èrò. Bí a bá rìn tí a kò kọ ọ́, ẹni tí ó gbé wa láìbéèrè nǹkan mìíràn ni kò ní rí ti ìrìn náà gbà, tí ẹni tí ó bí wa nínú kò sì ní mọ̀ pé a jà.

Ó dákẹ́ díẹ̀, lẹ́yìn náà ó mú èyí tí ó le jù wá. Ó ní, “Ṣùgbọ́n Bàbá, ọkọ̀ yìí yóò lọ bí a wà nínú rẹ̀, yóò sì lọ bí a kò sí. Àga tí mo jókòó sí, kò sí ẹni tí mo lé dìde. Kí ni ẹnikẹ́ni pàdánù?”

N kò lè yára dá a lóhùn. Àwọn olùkọ́ wa ìgbà àtijọ́ ìbá wí pé, bí gbogbo ènìyàn bá ṣe bẹ́ẹ̀ ńkọ́? Ìdáhùn náà kò tẹ́ mi lọ́rùn láti kékeré, nítorí gbogbo ènìyàn kì í ṣe bẹ́ẹ̀, ọmọ tí ó gbọ́n sì mọ̀. Ohun tí ó wá sí mi lọ́kàn ni pé ní téṣàn Jámánì kò sí géètì tí a ó fi tíkẹ́ẹ̀tì ṣí. Láti ẹsẹ̀ títì ni ènìyàn yóò ti rìn wọ inú ọkọ̀. Àwọn tí ó ṣe ìwé yìí gbé kálámù lé wa lọ́wọ́, wọ́n sì fi wá ṣe akọ̀wé ara wa. Bóyá àga ṣófo tàbí kò ṣófo, wọ́n ti fi ọkàn tán wa, ohun tí a sì fẹ́ fi ṣèrè ni ìfọkàntán náà.

Ti gbèsè tí a rò pé wọ́n jẹ wá ńkọ́? Mo gbà pé wọ́n jẹ wá. Títí di òní mo gbà bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n gbèsè tí a yọ́ gbà, ẹni tí ó jẹ ẹ́ kò mọ̀ pé òun ti san án. Kò lè jiyàn, kò lè bẹ̀bẹ̀, kò lè tún ìwà rẹ̀ ṣe. Ọ̀la yóò tún ṣe bẹ́ẹ̀ sí ẹlòmíràn. Àwa ni olùpẹ̀jọ́, àwa ni adájọ́, àwa ni akódà tí ó lọ kó ẹrù, olùjẹ́jọ́ kò sì sí ní kóòtù. Ta ni ó sọ fún wa pé ọjọ́ kan gééré ni iye ohun tí a fi dù wá? Bí ọkọ̀ ọ̀la náà bá tún wá láìsí ayẹ̀wéwò, ǹjẹ́ a ó rántí wí pé gbèsè ti pé? Ẹni tí inú ń bí lè kọ lẹ́tà sí ilé-iṣẹ́ náà, kí ó fi orúkọ rẹ̀ sí i. Ìyẹn ṣòro ju kí a máa gba ojú fèrèsé wòran lọ, kò sì dájú pé yóò mú owó wá, ṣùgbọ́n ìjà ojúkojú ni.

Mo sọ gbogbo èyí fún un, bóyá mo tilẹ̀ sọ ọ́ pọ̀ jù, nítorí obìnrin tí ó jókòó níwájú wa, tí kò gbọ́ Yorùbá, ń wò wá bí ẹni pé à ń jà. Ọmọ náà tẹ́tí títí mo fi parí. Ó wá bi mí pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, láìsí ìwọ̀sí kankan nínú rẹ̀:

“Nígbà náà, Bàbá, kí ló dé tí tiyín kò fi sí níbẹ̀?”

Ìgbà náà ni òwe epo lájà dojú kọ mí. Kì í ṣe ọmọ yìí ni ó kọ́kọ́ gbé nǹkan. Èmi ni mo ti gba ìwà náà sílẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ kí ó tó hù ú. Èmi ni mo pe ènìyàn ní olè lójú rẹ̀, tí mo sì dá kálámù padà sápò.

Mo yọ kálámù náà. Mo kọ ọjọ́ àti oṣù, mo kọ Brussels, mo kọ Frankfurt, mo sì nà án sí i. Ó wo aago. Ó ní, “Ó ku ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún,” ó sì kọ tirẹ̀. Òfin ní kí a kọ ọ́ kí a tó wọkọ̀. Àwa kọ ọ́ nígbà tí ọkọ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé, nítorí náà n kò lè sọ pé a pa òfin mọ́.

Ọjọ́ tí a ná yẹn ni kò jẹ́ kí páàsì wa tó wa padà délé. Bọ́ọ̀sì ni a wọ̀ ní ìparí ìrìn àjò náà, láti àṣálẹ́ di òwúrọ̀, owó ara wa ni a sì san. Ní ti ọjọ́ Frankfurt, títí tí a fi sọ̀kalẹ̀, tí a gbé ẹrù wa, tí a sì jáde sí ìgboro, ẹni tí ń yẹ ìwé wò kò dé ọ̀dọ̀ wa.