Ọjọ́ Pípẹ́ Lórí Alùpùpù: Ṣé Ìmọ̀ Ni?

Ẹni tó ti ń gun alùpùpù lójú títì láti ogún ọdún wá, tí kò sì ṣubú rí, gbà lọ́kàn ara rẹ̀ pé òun mọ̀ ọ́n gùn. Àwọn tó ń rí i náà gbà bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n bí irú ẹni bẹ́ẹ̀ bá kọ́kọ́ wọ pápá ìdíje, tí olùkọ́ ń tẹ̀ lé e lẹ́yìn, kì í pẹ́ rárá tí yóò fi hàn pé ọ̀pọ̀ ohun tí ọwọ́ rẹ̀ ń ṣe kò yé òun fúnra rẹ̀, àti pé àwọn kan nínú wọn lòdì pátápátá sí ohun tó yẹ kó máa ṣe. Ọ̀rọ̀ yìí kọjá ọ̀rọ̀ eré ìdárayá. Ìbéèrè tó wà nídìí rẹ̀ ti pẹ́ lọ́wọ́ àwọn amòye: ṣé ohun tí ènìyàn ti ń ṣe tipẹ́tipẹ́ náà ni ohun tó mọ̀? Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, kí ló kù kí ìrírí tó di ìmọ̀?

Pápá ìdíje jẹ́ ọ̀nà ọ̀dà tó yípo, tí ẹni tó bá gbéra níbì kan yóò tún padà débẹ̀. Ọ̀nà kan náà ni gbogbo ènìyàn kọjú sí. Kò sí ọkọ̀ tó ń bọ̀ lápá kejì, kò sí oríta, kò sí kòtò, kò sí ọmọdé tó lè já lu títì. Èyí tó wà ní Laguna Seca, ní àgbègbè Monterey ní California, tí wọ́n ṣí ní 1957, gùn tó kìlómítà 3.6, ó sì ní kọ́nà 11. Èyí tó lókìkí jù nínú wọn ni wọ́n ń pè ní Corkscrew. Ọ̀nà á gun òkè lọ títí ojú ò fi ní rí ohun tó wà níwájú mọ́; á wá ṣẹ́rí sósì, á dà wálẹ̀, á tún ṣẹ́rí sọ́tùn-ún, ilẹ̀ á sì ti fi nǹkan bíi mítà 18 lọ sílẹ̀ kí ẹni tó wà lórí alùpùpù tó mí délẹ̀.

Kí alùpùpù ojú títì tó wọ irú ibẹ̀, wọ́n á fi téèpù bo iná iwájú àti ti ẹ̀yìn, wọ́n á sì yọ díńgí tàbí kí wọ́n bo òun náà. Ọ̀pọ̀ pápá ni kò gba omi aláwọ̀ nínú rédíétọ̀, nítorí bí ó bá dà sílẹ̀, ó ń yọ̀ ju omi lásán lọ. Nínú gbogbo ìpalẹ̀mọ́ yìí, díńgí ló yẹ kí ènìyàn dúró lé lórí díẹ̀. Lójú títì, ẹni tí kò bá wẹ̀yìn ń fi ẹ̀mí ara rẹ̀ ṣeré. Nínú pápá, ẹni tó wà níwájú ló lọ̀nà. Ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn ni ẹrù wà lọ́rùn rẹ̀ láti wá ibi tó dára gbà kọjá. Wọ́n ń ní kí àgbà alálùpùpù jọ̀wọ́ ọ̀kan nínú àwọn ìwà tó dá ẹ̀mí rẹ̀ sí láti ọdún yìí wá, kí ó sì gbẹ́kẹ̀ lé ẹni tí kò rí. Kò sí ohun tó rọrùn nínú ìyẹn.

Ohun tó jẹ́ kí pápá lè tú àṣírí ni pé kọ́nà kan náà ń padà wá lẹ́yìn nǹkan bí ìṣẹ́jú méjì. Lójú títì, ẹ̀ẹ̀kan ni ènìyàn sábà ń gba kọ́nà kan lóòjọ́, á sì yàtọ̀ sí ti àná: òjò ti rọ̀, tàbí ọkọ̀ akẹ́rù wà níwájú. Bí ó bá ṣe é tí kò dára, títì kì í bá a wí. Á délé láyọ̀, á sì ka dídélé yẹn sí ẹ̀rí pé bí òun ṣe ṣe é ló yẹ kí a máa ṣe é. Báyìí ni àṣìṣe ṣe ń gbó mọ́ ènìyàn lára, tí á sì máa jẹ́ orúkọ ìrírí.

Ní 1981, Harry Hurt àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Southern California gbé àbọ̀ ìwádìí jáde lórí ìjàǹbá alùpùpù ní Los Angeles àti agbègbè rẹ̀. Ìjàǹbá 900 ni wọ́n lọ fojú ara wọn wò níbi tó ti ṣẹlẹ̀. Nínú àwọn alálùpùpù tó kàn, 92 nínú 100 ni kò gba ẹ̀kọ́ kankan. Wọ́n dá kọ́ ọ ni, tàbí kí ẹbí tàbí ọ̀rẹ́ kọ́ wọn. Iye yìí nìkan kò tó láti fi sọ pé àìkẹ́kọ̀ọ́ ló fa ìjàǹbá, nítorí ẹni tó bá fẹ́ sọ bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ wo iye àwọn tí kò kẹ́kọ̀ọ́ tí nǹkan kan ò sì ṣe. Ohun tí ọwọ́ àti ẹsẹ̀ wọn ṣe nígbà tí ewu dé ló ṣe pàtàkì níbí: ọ̀pọ̀ wọn tẹ bíréèkì ẹ̀yìn ní àtẹ̀jù títí táyà fi ń yọ̀, wọn kò sì lo ti iwájú tó, bẹ́ẹ̀ ti iwájú ló lágbára jù. Ní ti kí wọ́n yẹ̀ fún ohun tó dínà, àwọn olùwádìí fẹ́rẹ̀ẹ́ má rí ẹni tó lè ṣe é.

Aristotle, amòye ilẹ̀ Gíríìsì ìgbàanì, ti rí ìdí ọ̀rọ̀ yìí tipẹ́. Nínú ìwé rẹ̀ lórí ìwà, Nicomachean Ethics, ó sọ pé ṣíṣe la fi ń kọ́ iṣẹ́: ẹni tó bá ń kọ́lé ni yóò di kọ́lékọ́lé, ẹni tó bá ń ta dùrù ni yóò di atadùrù. Apá yìí ni àwọn ènìyàn máa ń rántí. Apá kejì tí wọ́n sábà ń gbàgbé ni pé, lójú rẹ̀, dùrù títa kan náà ló ń sọ àwọn kan di ọ̀jáfáfá tó sì ń sọ àwọn mìíràn di aláìmọṣẹ́, àti pé ìdí nìyẹn tí a fi nílò olùkọ́. Ọdún kì í sọ irú èyí tí ènìyàn ń dà.

Bí alùpùpù ṣe ń ya kọ́nà fi ọ̀rọ̀ náà hàn kedere. Bí eré bá ti kọjá eré ẹsẹ̀, ẹni tó fẹ́ yà sósì ní láti ti ọwọ́ òsì alùpùpù síwájú. Táyà iwájú á kọ́kọ́ kọjú sọ́tùn-ún fún ìwọ̀nba àkókò kíún, alùpùpù á tẹ̀ sósì, á sì gba òsì lọ. Gbogbo ẹni tó ń gùn ún ló ń ṣe èyí lójoojúmọ́, síbẹ̀ ọ̀pọ̀ wọn ni yóò búra pé àwọn ò ṣe bẹ́ẹ̀ rí. Wilbur Wright, tí òun àti àbúrò rẹ̀ Orville ń ṣe kẹ̀kẹ́ tà ní Dayton, Ohio, kí wọ́n tó ṣe bàálù, bi ọ̀pọ̀ àwọn tó ń gun kẹ̀kẹ́ léèrè bí wọ́n ṣe ń yà, kò sì rí ẹnìkan tó ròyìn rẹ̀ pé. Keith Code, tó dá California Superbike School sílẹ̀ ní 1980, tilẹ̀ so ọwọ́ kejì mọ́ ara alùpùpù kan, ọwọ́ tí kò lè darí táyà. Ẹni tó bá di ọwọ́ yẹn mú lórí eré, kó fi gbogbo ara tẹ̀ síbí tẹ̀ sọ́hùn-ún, yóò rí i pé ara fífì tí òun rò pé òun fi ń yà láti ọdún yìí wá kò fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣe nǹkan kan.

Amòye kan, Michael Polanyi, lo ẹni tó ń gun kẹ̀kẹ́ nínú Personal Knowledge, ìwé rẹ̀ tó jáde ní 1958, láti fi hàn pé ara lè mọ ohun tí ẹnu kò lè ròyìn. Òótọ́ ni. Àmọ́ ó yẹ ká bi í léèrè bóyá irú ìmọ̀ bẹ́ẹ̀ lè dúró ti ẹni tó ni ín ní gbogbo ìgbà. Plato ti dáhùn nínú Meno. Ó jẹ́ kí Socrates sọ pé ẹni tó kàn ní èrò tó tọ̀nà nípa ọ̀nà ìlú Larissa, tí kò dé ibẹ̀ rí, lè mú ènìyàn débẹ̀ bí ẹni tó mọ ọ̀nà ṣe lè mú un débẹ̀. Ìyàtọ̀ wọn ni pé irú èrò bẹ́ẹ̀ kì í dúró. Ó ń sá lọ bí àwọn ère Daedalus, oníṣẹ́ ọnà inú ìtàn àtijọ́ ilẹ̀ Gíríìsì, tí wọ́n ní ó máa ń rìn lọ bí wọn ò bá dè é. Ìdí tí nǹkan fi rí bó ṣe rí ni okùn tí wọ́n fi ń dè é.

Ìbẹ̀rù ló sì ń tú u sílẹ̀. Bí alálùpùpù bá wọ kọ́nà tó rí i pé eré òun pọ̀ jù, ọwọ́ ọ̀tún á pa iná tó fi ń sáré wálé lójijì. Apá á le gan-gan. Ojú á wá lẹ̀ mọ́ etí ọ̀nà, ibi tí kò fẹ́ lọ gan-an, alùpùpù á sì máa fà síbẹ̀. Gbogbo èyí ń ṣẹlẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Bẹ́ẹ̀ iná tí wọ́n ń fi kún díẹ̀díẹ̀ láìdáwọ́dúró ló ń jẹ́ kí ẹrù pín bó ṣe yẹ, bí ìdá 40 nínú 100 níwájú àti 60 lẹ́yìn. Bí ọwọ́ bá pa á lójijì, ẹrù á ya lu táyà iwájú, tí iṣẹ́ ti pọ̀ fún tẹ́lẹ̀. Apá tó le náà ni kì í jẹ́ kí ó lè ti ọwọ́ alùpùpù tí ìbá yọ ọ́. Ohun tí ara ń ṣe láti gba ara rẹ̀ là ló ń gbé e ṣubú.

Àwọn amòye Stoic mọ irú ìṣesí yìí. Aulus Gellius, òǹkọ̀wé ará Róòmù ìgbàanì, ròyìn ọ̀kan nínú wọn tó wà nínú ọkọ̀ ojú omi nígbà tí ìjì dé, tí ojú rẹ̀ sì funfun bíi ti àwọn yòókù. Nígbà tí wọ́n bi í léèrè, ó tọ́ka sí ẹ̀kọ́ Epictetus, amòye Stoic mìíràn, pé jìnnìjìnnì àkọ́kọ́ kò sí lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ohun tó wà lọ́wọ́ ọlọ́gbọ́n ni kí ó má gbà pẹ̀lú rẹ̀. Ìdáhùn yìí jinlẹ̀, ṣùgbọ́n kò tó fún ẹni tó wà nínú Corkscrew. Kí ọkàn tó kọ̀, ọwọ́ ti pa iná. Nítorí náà, ibi tí ẹ̀kọ́ gbọ́dọ̀ dé ni ọwọ́ fúnra rẹ̀, kí ìbẹ̀rù tó dé.

Bí wọ́n ṣe ń mú un débẹ̀ kò díjú. Ní ilé ẹ̀kọ́ Code, wọ́n á sọ ohun kan ṣoṣo nínú kíláàsì, akẹ́kọ̀ọ́ á lọ fi pápá dán an wò, á padà wá sọ ohun tó rí. Nínú A Twist of the Wrist, tó jáde ní 1983, Code fi àkíyèsí ènìyàn wé owó dọ́là 10: ohun tuntun lè gba dọ́là 5, ó sì di ìgbà tó bá mọ́ra kó tó dín kù sí kọ́bọ̀. Ìdí nìyẹn tí eré fi gbọ́dọ̀ wálẹ̀ nígbà tí ẹ̀kọ́ bá ń lọ. Fífi pápá dán ọ̀rọ̀ olùkọ́ wò yìí bá ohun tí Barry Hallen àti J. Olubi Sodipo gbọ́ lẹ́nu àwọn oníṣègùn Yorùbá mu, tí wọ́n sì gbé jáde nínú ìwé kan ní 1986: ìmọ̀ ni ohun tí ojú ẹni rí tí ọkàn sì jẹ́rìí sí, ohun tí a gbọ́ lẹ́nu ẹlòmíràn, ìgbàgbọ́ ni títí a ó fi dán an wò. Ọ̀rọ̀ olùkọ́ di ìmọ̀ nígbà tí kọ́nà kẹta bá lọ geerege lẹ́yìn tó ti lọ wọ́gọwọ̀gọ ní gbogbo òwúrọ̀. Àgbà alálùpùpù sì fi kún ọ̀rọ̀ àwọn oníṣègùn yẹn: ojú rẹ̀ ti rí i fún ogún ọdún, ọkàn rẹ̀ sì ti jẹ́rìí, síbẹ̀ irọ́ ni ọkàn jẹ́rìí sí. Ìdánwò kan ìrírí ara ẹni náà.

Shunryu Suzuki, àlùfáà Zen ará Japan tó dá ilé ìfọkànsìn Zen tó ń jẹ́ Tassajara sílẹ̀ ní 1967 ní àgbègbè Monterey kan náà, kọ́ àwọn ọmọlẹ́yìn rẹ̀ pé kí wọ́n máa fi ọkàn ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ wo nǹkan. Ìmọ̀ràn náà wúlò fún ẹni tí wọ́n kó pọ̀ mọ́ àwọn akọ́ṣẹ́ bó ti dàgbà tó, tí ọ̀dọ́langba lórí alùpùpù kékeré ń yà á sílẹ̀ nínú kọ́nà. Ìgbéraga lè mú kí ó lé e, kò sì sí ohun tó ń ba ẹ̀kọ́ jẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n kò lè di akọ́ṣẹ́ mọ́, kò sì yẹ kó gbìyànjú. Ọwọ́ rẹ̀ mọ kílọ́ọ̀ṣì àti jíà láìronú, èyí tó fi dọ́là púpọ̀ sílẹ̀ fún ohun tuntun. Iṣẹ́ tó wà níwájú rẹ̀ ni pé kí ó ṣa ohun tó ti mọ̀, kí ó mọ èyí tó jẹ́ ọgbọ́n àti èyí tó jẹ́ ìbẹ̀rù tó ti gbó. Ìyẹn le ju bíbẹ̀rẹ̀ lọ.

Nígbà tó bá padà sójú títì, ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀kọ́ náà ń bá a lọ: bíréèkì iwájú, títi ọwọ́ alùpùpù síwájú, ojú tó ń wo ibi tí ó fẹ́ lọ. Eré ni kò gbọ́dọ̀ bá a lọ. Etí pápá ní koríko àti iyanrìn tó fẹ̀ fún ẹni tó bá ṣìnà. Etí títì ní òpó iná àti gọ́tà. Àwọn nǹkan kan sì wà tí pápá kò lè kọ́ni rárá. Nínú ìjàǹbá tí alùpùpù àti ọkọ̀ mìíràn ti kọ lu ara wọn, ìdá méjì nínú mẹ́ta ni Hurt rí pé ọkọ̀ kejì ló gba ọ̀nà mọ́ alálùpùpù lọ́wọ́. Láti mọ̀ pé ọkọ̀ tó dúró ní oríta yẹn fẹ́ já wọlé, nítorí pé táyà iwájú rẹ̀ ti ń rọra yí, ìmọ̀ ojú títì nìyẹn, ogún ọdún náà ló sì kọ́ ọ.