Ìwọ̀n Eku Nìwọ̀n Ìtẹ́: Agbára Wo Ló Tó Ènìyàn?

Láti ayébáyé ni àwọn ọlọ́gbọ́n ti ń bi ara wọn léèrè pé, báwo ni ènìyàn ṣe ń mọ̀ pé ohun tí òun ní ti tó? Ìbéèrè yìí kì í dúró sínú ìwé. Ó máa ń tẹ̀ lé ènìyàn dé ìsọ̀, níbi tí owó ti fẹ́ kúrò lápò. Ní àwọn ìpínlẹ̀ olótùútù ní Amẹ́ríkà àti Kánádà, níbi tí àwọn ọmọ Yorùbá kan pẹ̀lú ti sọ di ilé, ọjọ́ tí onílé bá fẹ́ ra ẹ̀rọ akóyìnyín ló máa ń pàdé rẹ̀. Ẹ̀rọ yìí ni wọ́n fi ń kó yìnyín kúrò lójú ọ̀nà tí ọkọ̀ ń gbà wọ inú ọgbà. Èyí tó ń fi táyà rìn wà. Èyí tó ń fi ẹsẹ̀ bíi ti katapílà rìn náà wà, ó lágbára jù ú lọ, ó wúwo jù ú lọ, owó rẹ̀ sì ga jù. Èwo ni ká rà? Ìdáhùn tí mo fara mọ́ ni pé ilẹ̀ tí a ń gbé ló yẹ kó sọ ìwọ̀n agbára tó tọ́ sí wa. Kò yẹ kí ẹ̀rù tàbí ojú ayé bá a sọ ọ́. Bí agbára náà bá sì ṣẹ́ kù lẹ́yìn tí ilẹ̀ wa ti gba tirẹ̀, aládùúgbò ti ní ẹ̀tọ́ nínú èyí tó ṣẹ́ kù.

Ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ, nítorí náà ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo ẹ̀rọ náà àti ilẹ̀ tó ń rìn lé. Irin lílọ́ kan wà lẹ́nu ẹ̀rọ yìí níwájú tó ń họ yìnyín, tó ń wọ́ ọ sáàárín. Abẹ̀bẹ̀ irin tó ń fò yí lẹ́yìn rẹ̀ á gbá a, á sì tú u jáde láti ọ̀nà ọ̀fun kan tó nà sókè, tí ẹni tó dì í mú lè yí sí ọ̀tún tàbí òsì. Lórí ilẹ̀ pẹrẹsẹ tí wọ́n da kọnkéré sí, táyà méjì tó léyín dáadáa tó láti ti gbogbo rẹ̀ síwájú. Ibi tí ilẹ̀ bá ti dà gẹ̀rẹ́ ni wàhálà ti ń bẹ̀rẹ̀. Ìwọ̀nba díẹ̀ lára táyà ló ń kan ilẹ̀. Bí yìnyín tí a ti tẹ̀ di líle bá wà lábẹ́ rẹ̀, táyà á máa yí lójú kan, ẹnu ẹ̀rọ á sì gbé sókè, á máa gun orí òkìtì dípò kó jẹ ẹ́. Ẹsẹ̀ katapílà fi gbogbo gígùn rẹ̀ lé ilẹ̀, eyín rọ́bà rẹ̀ sì ń dì í mú, ìbáà máa gòkè, ìbáà máa sọ̀ kalẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wọn tún ní ọwọ́ kan tí a fi ń gbé ẹnu ẹ̀rọ sókè tàbí tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. A óò tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ fún òkìtì líle tí ọkọ̀ ìjọba tó ń gbá títì bá rọ́ dí ẹnu ọ̀nà wa; a óò gbé e sókè díẹ̀ lórí òkúta wẹ́wẹ́, kó má baà gbé òkúta mì, kó sì tú u lu fèrèsé ẹlòmíràn. Ṣùgbọ́n ọ̀fẹ́ kọ́ ni àǹfààní wọ̀nyí. Àwọn tó tóbi nínú wọn ń wúwo ju 100 kílò lọ, wọ́n ń fà nílẹ̀, ibi tó bá há máa ń ṣòro fún wọn láti yí, bí ẹ́ńjìnnì bá sì kú, ènìyàn kan ṣoṣo á jìyà kó tó tì wọ́n wọ ibi tí wọ́n ń gbé wọn sí.

Ohun tí èyí fi hàn ni pé ẹ̀rọ kan náà lè jẹ́ ohun tó tọ́ gan-an nínú ọgbà kan, kó sì jẹ́ àṣejù nínú ọgbà kejì tí kò ju ogójì ìṣísẹ̀ sí i lọ. Aristotle, ọlọ́gbọ́n ilẹ̀ Gíríìkì, ti wò ó rí nínú ìwé rẹ̀ lórí ìwà. Ó ní bí oúnjẹ ìwọ̀n 10 bá pọ̀ jù, tí ìwọ̀n 2 sì kéré jù, ẹni tó ń kọ́ eléré ìdárayá kò kàn ní bu ìwọ̀n 6 fún gbogbo ènìyàn. Ìwọ̀n yẹn lè má tó Milo tó jẹ́ ògbóǹtarìgì nínú ìjàkadì, kó sì ju ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ lọ. Àwọn baba wa fi ọ̀rọ̀ mẹ́rin sọ ọ́: ìwọ̀n eku nìwọ̀n ìtẹ́. Ìtẹ́lọ́rùn kì í ṣe ìfẹ́ sí ohun kékeré nígbà gbogbo. Ẹni tí ọ̀nà ilé rẹ̀ ga, tó gùn, tó sì jẹ́ òkúta wẹ́wẹ́, tó wá torí pé owó ń dùn ún ra èyí tó ń yọ̀, kò fi ìtẹ́lọ́rùn hàn. Ó kàn kọ̀ láti wo ilẹ̀ rẹ̀ ni. Bẹ́ẹ̀ náà lẹni tí ọ̀nà rẹ̀ kúrú, tó tẹ́ pẹrẹsẹ, tó ra ẹlẹ́sẹ̀ katapílà nítorí pé ti ará kejì tóbi. Àwọn méjèèjì ṣe àṣìṣe kan náà: wọ́n wá ìwọ̀n síbi tí ìwọ̀n kò sí.

Ẹnì kan á ní, ṣebí igi gogoro má gùn mí lójú, àtòkèrè la ti ń wò ó. Ọjọ́ tó burú jù ló yẹ ká múra sílẹ̀ dè, kò yẹ ká máa wo ọjọ́ tó rọrùn. Ọ̀rọ̀ yìí wúwo, ìlú Buffalo ní ìpínlẹ̀ New York sì lè jẹ́rìí sí i. Afẹ́fẹ́ tútù máa ń gba orí adágún Erie kọjá nígbà tí omi rẹ̀ ṣì lọ́wọ́ọ́rọ́, á fa omi lọ sókè, á sì dà á sílẹ̀ bíi yìnyín lórí ìlà ilẹ̀ tóóró kan. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2022, èyí tó balẹ̀ ní Orchard Park àti Hamburg, nítòsí Buffalo, ju mítà 2 lọ láàárín ọjọ́ mélòó kan. Ta ni kò ní wá ẹ̀rọ tó lágbára jù lọ lẹ́yìn irú èyí? Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí ọjọ́ náà ń kọ́ wa. Yìnyín tó ga ju orí ènìyàn lọ ga ju ẹnu ẹ̀rọ ilé èyíkéyìí lọ, ìbáà ní táyà, ìbáà ní ẹsẹ̀ katapílà. Oṣù tó tẹ̀ lé e ni ìjì yìnyín ọjọ́ Kérésìmesì dé, tó pa ènìyàn tó lé ní 40 ní agbègbè Erie County tí Buffalo wà. Ní ọjọ́ wọ̀nyẹn, ọkọ̀ panápaná àti ọkọ̀ agbáláìsàn pàápàá há sójú ọ̀nà. Ọ̀kan lára ohun tó gba ẹ̀mí là ni ènìyàn: mekáníìkì kan ní Cheektowaga, nítòsí Buffalo, fọ́ fèrèsé ilé ìwé kan, ó sì kó àwọn tí òtútù ti fẹ́ pa nínú ọkọ̀ wọlé síbẹ̀. Ìmúrasílẹ̀ dára, ó sì pọn dandan. Ẹ̀rù ni kò dára láti fi ṣe òṣùwọ̀n, nítorí kò lópin. Ẹ̀rọ kankan kò sí tí ẹ̀rù kò ní sọ pé ó kù díẹ̀. Òjò yìnyín tó ń wá lọ́dọọdún ni ká fi ẹ̀rọ dè. Èyí tó ju agbára ẹ̀rọ lọ, oúnjẹ inú ilé, aṣọ òtútù àti aládùúgbò rere la fi ń dè é.

Ẹlòmíràn á gba ọ̀nà kejì yọ, á ní gbogbo ẹ̀rọ wọ̀nyí jẹ́ ti ọ̀lẹ, pé ṣọ́bìrì àti apá ènìyàn ti tó, iṣẹ́ sì loògùn ìṣẹ́. Mo bọ̀wọ̀ fún èrò yìí, nítorí iṣẹ́ ọwọ́ níyì, ẹni tí ara rẹ̀ le tí ọ̀nà rẹ̀ sì kúrú kò ní láti ra nǹkan kan rárá. Ṣùgbọ́n ara náà wà lára ohun tí a gbọ́dọ̀ wọ̀n. Ìwádìí kan lórí àkọsílẹ̀ ilé ìwòsàn pàjáwìrì ní Amẹ́ríkà láti 1990 sí 2006 fi hàn pé nǹkan bí 11,500 ènìyàn ló ń fi ara pa tàbí ṣàìsàn lọ́dọọdún nídìí kíkó yìnyín pẹ̀lú ṣọ́bìrì. Nǹkan bí 100 ló sì ń kú lọ́dọọdún, ọkàn wọn ló ń dáwọ́ iṣẹ́ dúró. Òtútù ń fún òpó ẹ̀jẹ̀ pọ̀, apá ń gbé ẹrù, ẹni náà á sé èémí, ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ á ga lójijì. Bàbá arúgbó tó ń fi ṣọ́bìrì hàn pé òun kì í ṣe ọ̀lẹ kò tíì mọ ìwọ̀n ara rẹ̀. Àìmọ̀wọ̀n ni kí a fi ohun tí a kò nílò há gbogbo ilé. Àìmọ̀wọ̀n náà ni kí a fi ẹ̀mí wéwu nítorí ohun tí irin lè ṣe fún wa.

Àtakò tó le jù lọ ni ti ẹni tó ní: owó mi ni, òógùn ojú mi ni, bí mo bá ra ju ohun tí mo nílò lọ, ta ni mo jẹ ní gbèsè? Àwọn ẹ̀sìn tó wà láàárín wa kò fara mọ́ ọn bẹ́ẹ̀. Ìsìláàmù ka ìnákúnàá sí ẹ̀ṣẹ̀, kódà bí ẹni tó ń ná an bá ni owó náà. Jésù pa òwe ọlọ́rọ̀ kan tó fẹ́ wó àká rẹ̀ kó lè kọ́ èyí tó tóbi jù. Inú oko tirẹ̀ ni ìkórè náà ti wá, síbẹ̀ a pè é ní aṣiwèrè, nítorí ara rẹ̀ nìkan ló rò. Ìtàn ẹ̀rọ yìí gan-an tún ń ti èyí lẹ́yìn. Arthur Sicard, ọmọ Québec ní Kánádà, ṣe ẹ̀rọ tirẹ̀ ní 1925. Ìlú Outremont ló kọ́kọ́ rà á, ní 1927, ojú títì tí gbogbo ènìyàn ń rìn ni wọ́n sì fi tún ṣe. Ẹ wá wo ọ̀nà ọ̀fun ẹ̀rọ náà, ibi tí ìwà ti ń hàn. Yìnyín tó bá kúrò lójú ọ̀nà mi gbọ́dọ̀ balẹ̀ síbì kan. Bí mo bá yí ọ̀fun náà sí ọgbà ará kejì tàbí sí àárín títì, wàhálà mi ni mo kàn gbé fún ẹlòmíràn, ẹ̀rọ tó lágbára á sì gbé e jìnnà ju ti aláìlágbára lọ. Ní ìlú bíi Chicago, òfin ní kí onílé gbá ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ tó wà níwájú ilé rẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn Mùsùlùmí ti ní ọ̀rọ̀ tó ju òfin lọ: Ànábì kọ́ wọn pé mímú ohun ìnira kúrò lójú ọ̀nà jẹ́ ẹ̀ka kan nínú ìgbàgbọ́. Ẹni tí ẹ̀rọ rẹ̀ ju ọgbà rẹ̀ lọ lè sọ àṣejù náà di ẹ̀tọ́, bó bá ń ti ọgbà tirẹ̀ bọ́ sí ti opó tó wà lápá ọ̀tún àti ti aláìlera tó wà lápá òsì.

Wọ́n á ní, ohun àjọní máa ń dá ìjà sílẹ̀: èyí yá a, ó bà á jẹ́, èyí kò ra epo sí i. Òótọ́ ni, ewu sì wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Bí yìnyín bá há sẹ́nu ẹ̀rọ yìí, agbára lè ṣì wà nínú irin rẹ̀ lẹ́yìn tí a ti pa ẹ́ńjìnnì, ó sì lè yí lẹ́ẹ̀kan, kó gé ìka ẹni tó ki ọwọ́ bọ̀ ọ́. Igi la fi ń tú u, kì í ṣe ọwọ́. Nítorí náà kò pọn dandan kí ẹ̀rọ máa ti ọwọ́ dé ọwọ́. Iṣẹ́ rẹ̀ ló yẹ ká pín: ẹni tó mọ̀ ọ́n lò ni kó lò ó fún ojúlé mẹ́ta mẹ́rin, kí àwọn tó kù dá owó epo àti àtúnṣe. Níbi tí ìyẹn bá ti rí bẹ́ẹ̀, ẹlẹ́sẹ̀ katapílà kan lè tó fún òkè kan tí ilé márùn-ún wà lórí rẹ̀.

Nítorí náà, kí ẹni tó fẹ́ rà á tó béèrè iye tí wọ́n ń tà á, kó béèrè bí ilẹ̀ òun ṣe ga tó, ohun tó wà lójú rẹ̀, bí yìnyín agbègbè náà ṣe ń rọ̀ lọ́dọọdún, àti bí ara òun ṣe le sí. Bí ìdáhùn bá tọ́ka sí ẹsẹ̀ katapílà, kó rà á láìtijú. Bó bá tọ́ka sí táyà tàbí ṣọ́bìrì, kó má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ojú kékeré wo òun. Bó bá sì ra èyí tó ju ìwọ̀n lọ, kó mọ̀ pé òun ti gba iṣẹ́ àwọn tó yí òun ká mọ́ ti òun. Ìtẹ́lọ́rùn kò béèrè ju èyí lọ: kí a mọ ohun tí a gbé lọ́wọ́, ilẹ̀ tí a gbé e lé, àti ẹni tí èyí tó ṣẹ́ kù tọ́ sí.