Ṣé Ẹ̀ṣẹ̀ Ènìyàn ni Orúkọ Rẹ̀?

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ìka tí ó bá ṣẹ̀ ni ọba ń gé. Òwe yìí ni ìpìlẹ̀ ìdájọ́ òdodo: ẹni tí ó ṣẹ̀ ni kí ó jìyà. Ṣùgbọ́n ìyà kan wà tí kì í gé ìka nìkan. Odindi ènìyàn ni ó ń gbé lọ. Ìyà náà ni lílé ènìyàn kúrò ní ìlú. Ní ilẹ̀ Yorùbá, ẹni tí a lé jáde kò pàdánù òrùlé nìkan. Ó pàdánù agbo ilé, ojú oórì bàbá rẹ̀, àti àwọn tí ó mọ oríkì rẹ̀. Bí a bá wá lé e lọ tán, ǹjẹ́ ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ ni yóò máa jẹ́ orúkọ rẹ̀ títí láé?

Láti ọdún 1788 di 1868, ó lé ní 160,000 ẹlẹ́wọ̀n tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì kó sínú ọkọ̀ òkun lọ sí Ọsirélíà. Olè jíjà ni ẹ̀ṣẹ̀ ọ̀pọ̀ nínú wọn. Francis Greenway, ayàwòrán ilé, jẹ́ ọ̀kan. Ó ṣe ayédèrú ìwé. Wọ́n dájọ́ ikú fún un ní 1812, kí wọ́n tó yí i padà sí ìgbèkùn ọdún 14. Ó gúnlẹ̀ sí Sydney ní 1814. Gómìnà Macquarie rí i pé iṣẹ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó gbé iṣẹ́ ilé kíkọ́ lé e lọ́wọ́, ó sì dárí jì í pátápátá ní 1819. Òun ni ó ya àwòrán ilé ńlá tí àwọn ẹlẹ́wọ̀n ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń sùn sí. Nínú òṣì ni ó kú ní 1837. Síbẹ̀, nígbà tí Ọsirélíà ṣe owó tuntun ní 1966, ojú ẹni tí a lé nítorí ayédèrú ìwé yìí ni wọ́n tẹ̀ sára owó dọ́là mẹ́wàá.

Ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà náà ní ìtàn tí ó fara jọ èyí. Ní ìgbà ọ̀dọ́ Ògèdèǹgbé Agbógungbórò, ogun kó o lọ sí Ìbàdàn. Ibẹ̀ ni ó ti kọ́ ọgbọ́n ogun tí ó wá fi ṣáájú àwọn Èkìtìparapọ̀ nínú ogun Kírìjì, èyí tí wọ́n fọwọ́ sí àdéhùn àlàáfíà rẹ̀ ní 1886. Ní 1894, Captain Bower, aṣojú ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ní Ìbàdàn, mú un, ó sì gbé e kúrò nílé, nítorí ẹ̀sùn pé àwọn ọmọ ogun rẹ̀ ń kó ènìyàn lẹ́rù. Nígbà tí ó padà, ó di Ọbańlá Ìlẹ́ṣà. Oyè yìí wà lórí rẹ̀ nígbà tí ó kú ní 1910. Ère rẹ̀ ń bẹ ní Ìlẹ́ṣà títí di òní.

Ẹnìkan lè wí pé ọ̀rọ̀ àwọn méjèèjì kò dọ́gba: ilé ẹjọ́ ilẹ̀ baba Greenway ni ó dá a lẹ́bi, ṣùgbọ́n àlejò tí ó fẹ́ gba ilẹ̀ ni ó mú Ògèdèǹgbé. Òtítọ́ ni. Ẹni tí agbára wà lọ́wọ́ rẹ̀ ni ó sábà máa ń sọ ohun tí ẹ̀ṣẹ̀ jẹ́. Ìjọba kan náà tí ó ń lé olè kúrò nílé ni ó gba ilẹ̀ Ọsirélíà láìbi àwọn onílẹ̀ léèrè. Nítorí náà, ó tọ́ kí a wádìí onídàájọ́ kí a tó gba orúkọ tí ó sọ ẹlẹ́ṣẹ̀. Ṣùgbọ́n kò tọ́ kí oríkì akọni bo ẹkún ẹni tí a kó lẹ́rù mọ́lẹ̀. Àgbẹ̀ tí ọmọ ogun kó iṣu rẹ̀ lọ kò ní ère ní oríta kankan. Síbẹ̀ ẹjọ́ rẹ̀ kò kú.

Kí wá ni ìdáhùn? Ìwà ni orúkọ ènìyàn, ìwà sì ju iṣẹ́ ọjọ́ kan lọ. Ẹlẹ́ṣẹ̀ gbọ́dọ̀ jìyà, kí ó sì san ohun tí ó jẹ ẹni tí ó ṣẹ̀. Bí ó bá san án tán, tí ìlú sì ń pè é lólè síbẹ̀, ìlú ni ó di onígbèsè. Yorùbá ní bí a bá fi ọwọ́ òsì bá ọmọ wí, a ó fi ọ̀tún fà á mọ́ra. Ìlú tí ó ní ọwọ́ òsì nìkan yóò lé àwọn ọmọ rẹ̀ tán.