Ta Ló Yẹ Kó Kọ́kọ́ Gbọ́ Pé Ọbẹ̀ Ò Dùn?

ÀṢÀRÒ ÒWÚRỌ̀
Bíbélì kíkà: Jòhánù 2:1-11, Mátíù 18:15-17

Ọ̀rọ̀ oúnjẹ la fẹ́ fi jí lónìí, kí ẹni tó bá ń gbààwẹ̀ forí jì wá.

Bí ẹ bá kúrò ní Ìjẹ̀bú-Òde níbí, tí ẹ wọ Èkó, tí ẹ sọdá sí Victoria Island tàbí Ìkòyí, ẹ máa rí àwọn ilé oúnjẹ tí kì í ṣe ẹgbẹ́ búkà. Ẹlòmíì ti ní láti pè wọ́n tẹ́lẹ̀ kí wọ́n tó fi àga sílẹ̀ dè é. Abọ́ á fẹ̀, oúnjẹ inú ẹ̀ á kéré. Owó oúnjẹ, owó àwọn tó gbé e wá, owó VAT tó jẹ́ 7.5 nínú ọgọ́rùn-ún, gbogbo ẹ̀ á jọ wà lórí bébà kan ṣoṣo.

Tí èèyàn bá wá jẹ tán, kì í kàn dìde lọ mọ́ láyé ìsinsìnyí. Á gbé fóònù, á sọ ohun tójú ẹ̀ rí fún gbogbo ayé. Ẹnìkan á ní kò sí ata níbẹ̀. Òmíì á ní òun jókòó títí ó fi sú òun kí oúnjẹ tó dé. Òmíì á ní owó tóun san níbẹ̀, gàrí Ìjẹ̀bú tóun máa fi rà á jẹ odindi ilé yó, owó ẹja á tún kù. Ẹlòmíì á ní ẹ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà wo òun tẹ̀gàntẹ̀gàn torí pé òun ò gbé mọ́tò wá. Ẹlòmíì ẹ̀wẹ̀ á yìn wọ́n títí, á ní irú oúnjẹ bẹ́ẹ̀ ò tíì kan ẹnu òun rí.

Ìbéèrè wa lónìí rèé: ẹni tó ti sanwó, ṣé gbogbo ohun tó bá ti wá sí i lẹ́nu ló lẹ́tọ̀ọ́ láti sọ?

Ẹ má retí pé mo fẹ́ sọ pé kí Kristẹni máa panu mọ́ o. Rárá. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan lè máa tọ́jú owó fún oṣù mẹ́ta kó lè gbé ìyá ẹ̀ lọ jẹun ní irú ibẹ̀ lọ́jọ́ ìbí rẹ̀. Tó bá jẹ́ pé ẹran tó ti ń rùn ni wọ́n ń tà níbẹ̀, tàbí owó tó wà lórí ìwé kọ́ ni wọ́n ń gbà, ẹni tó mọ̀ tó sì dákẹ́ ò ṣe é lóore. Òṣùwọ̀n èké ò bá Ọlọ́run lára mu, Òwe 11 ti sọ ìyẹn fún wa. Ẹni tó bá sọ fáráyé pé òṣùwọ̀n èké wà níbì kan, ìfẹ́ ọmọnìkejì ló ń ṣe.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká yí i síhà kejì. Èrò tiwa tá à ń kọ yẹn náà, òṣùwọ̀n ni. À ń fi í wọn iṣẹ́ ọwọ́ ẹlòmíì. Òun náà lè jẹ́ èké.

Ẹ fojú inú wo ọmọ ilẹ̀ wa kan tó ń gbé oúnjẹ fún oníbàárà ní Èkó. Àfẹ̀mọ́júmọ́ ló ti wọ ọkọ̀ láti Agége. Lálẹ́ ọjọ́ yẹn, jẹnẹrétọ̀ kọṣẹ́, iṣẹ́ dúró nínú ilé ìdáná, oúnjẹ pẹ́. Òun kọ́ ló ń sè é, òun kọ́ ló ni jẹnẹrétọ̀, ṣùgbọ́n òun ni oníbàárà rí. Oníbàárà délé, ó kọ ọ́ pé ọmọbìnrin tó gbé oúnjẹ wá fún òun jẹ́ ọ̀lẹ àti onígbèéraga. Gbólóhùn kan péré. Máníjà kà á. Nígbà tí oṣù parí, wọ́n gé nínú owó ẹ̀, tàbí kí wọ́n ní kó máa lọ. Ẹni tó kọ ọ́ ti gbàgbé. Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́.

Kí ni owó tá a san wá rà? Ó ra oúnjẹ, ó ra àga tá a jókòó sí, ó ra iṣẹ́ ẹni tó gbé e wá. Kò ra ẹni náà. Ibẹ̀ ni ẹ̀tọ́ wa mọ. A lè sọ pé ọbẹ̀ ò dùn, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n a ò lè torí ọbẹ̀ tí ò dùn ká wá sọ ọmọ ẹni ẹlẹ́ni di ẹni tí kò wúlò.

Àwọn tó fi irú nǹkan yìí ṣiṣẹ́ ṣe pàápàá ní òfin tí wọ́n ń tẹ̀ lé. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní mọ́tò á ti gbọ́ orúkọ Michelin, ilé iṣẹ́ táyà ti ilẹ̀ Faransé. Lọ́dún 1900 ni wọ́n tẹ ìwé kékeré kan fún àwọn awakọ̀, kí wọ́n lè mọ ibi tí wọ́n ti lè rí táyà ṣe, tí wọ́n ti lè sùn, tí wọ́n ti lè jẹun. Nígbà tó di 1926, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìràwọ̀ sí ara àwọn ilé oúnjẹ tó dára. Títí dòní, àwọn tí wọ́n ń rán lọ kì í sọ ẹni tí wọ́n jẹ́, wọ́n sì ń san owó ohun tí wọ́n bá jẹ. Ẹ ò rí i? Oúnjẹ ọ̀fẹ́ lè yí ohùn padà. Ẹni tí wọ́n bọ́ lọ́fẹ̀ẹ́ kó lè wá yìn wọ́n, òṣùwọ̀n èké náà ló ń gbé kiri, bó tiẹ̀ jẹ́ pé ọ̀rọ̀ dídùn ló ń sọ.

Òṣùwọ̀n tó tọ́ sì lè gbé èèyàn ga. Ọmọ Nàìjíríà kan, Adejoké Bakare, ṣí ilé oúnjẹ tó pè ní Chishuru ní Brixton, London, lọ́dún 2020. Lọ́dún 2023 ó kó lọ sí Fitzrovia. Ní oṣù kejì ọdún 2024, wọ́n fún un ní ìràwọ̀ Michelin kan, òun sì ni obìnrin aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tó máa gba irú ẹ̀ ní Britain. Ọ̀rọ̀ Haúsá ni Chishuru. Ìdákẹ́jẹ́ tó máa ń bá àwọn tó wà nídìí tábìlì nígbà tí oúnjẹ bá dé ni wọ́n ń fi í pè. Ẹ gbọ́ ọ, ìdákẹ́jẹ́ ló kọ́kọ́ wá. Ẹ jẹ́ ká jẹ ẹ́ ná, ká tó sọ̀rọ̀.

Ohun tí olórí àsè ṣe ní Kánà gan-an nìyẹn. A ti ń wàásù ibẹ̀ tipẹ́, ṣùgbọ́n ẹ wo ọkùnrin yẹn dáadáa. Wọ́n gbé wáìnì wá, ó tọ́ ọ wò kó tó sọ̀rọ̀. Nígbà tó sì máa sọ̀rọ̀, ọkọ ìyàwó tó ni àsè ló pè. Ó sọ fún un pé wáìnì ìkẹyìn yìí ló dáa jù.

Síbẹ̀, ohun kan wà tí kò mọ̀. Jòhánù jẹ́ ká mọ̀ pé olórí àsè ò mọ ibi tí wáìnì náà ti wá. Àwọn ìránṣẹ́ tó pọn omi ló mọ̀. Ẹnu rẹ̀ sọ òótọ́ nípa wáìnì, ṣùgbọ́n ọkọ ìyàwó ló yìn, ọkọ ìyàwó sì kọ́ ló ṣe é. Bí ẹni tí èrò rẹ̀ tọ̀nà bá ṣì lè má mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn ìlẹ̀kùn, báwo lèmi àti ẹ̀yin ṣe máa fi abọ́ kan ṣoṣo dájọ́ gbogbo ẹni tó wà nílé ìdáná?

Ẹnìkan á ní, “Ajíhìnrere, mo ti sọ fún wọn, wọn ò gbọ́ ni.” Ó dáa. Mátíù 18 fún wa ní ìlànà nípa arákùnrin tó bá ṣẹ̀ wá: kọ́kọ́ lọ bá a, ìwọ àti òun nìkan, tí kò bá gbọ́, mú ẹnìkan tàbí méjì dání, lẹ́yìn náà ló tó di ọ̀rọ̀ ìjọ. Kò ní kó má dé etí ìjọ láéláé. Ohun tó ní ni pé kí ìjọ má ṣàkọ́kọ́ gbọ́. Bó ṣe rí nílé oúnjẹ náà nìyẹn: pe ẹni tó ni ibẹ̀ ná. Tó bá ṣe é lójú, tó ń bá ìrẹ́jẹ lọ, kìlọ̀ fún àwọn ẹlòmíì, kó sì jẹ́ kìkì ohun tó ṣẹlẹ̀.

Ọ̀rọ̀ yìí ò sì dúró sí Èkó o. Ilẹ̀ Ìjẹ̀bú wa níbí, a mọ àríyá ṣe. Ẹni tí ò ní, á yá owó sìnkú bàbá ẹ̀. Á sè, á pín, ká tó dé Ìbàdàn Gáréèjì a ti ń sọ pé ẹran ò kàn wá. Àwọn ìyá tó ń dáná ní ìjọ, oòrùn mú wọn, èéfín bo ojú wọn, a ó jẹ tán, a ó ní iyọ̀ ti pọ̀ jù. Ìkọ́kọrẹ́ tiwa gan-an, àlejò tí ò mọ̀ ọ́n á wò ó, á rò pé àsáró tó bàjẹ́ ni. Ìgbà tó bá tọ́ ọ wò lọ̀rọ̀ máa yí padà. A kì í fẹ́ kí àlejò fi ojú dájọ́ ìkọ́kọrẹ́ wa. Káwa náà má fi ojú dájọ́ iṣẹ́ ẹlòmíì.

Torí náà, kí o tó sọ ọ́ tàbí kí o tó kọ ọ́ lónìí, bi ara rẹ pé: tí ẹni tó sè é bá jókòó tì mí, tó ń wo ojú mi, ṣé bí màá ṣe sọ ọ́ nìyí? Tí ìdáhùn bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni, sọ ọ́. Tó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ kọ́, tún un sè kó tó jáde, nítorí ọ̀rọ̀ ẹnu wa náà, oúnjẹ ni, ẹlòmíì ló máa jẹ ẹ́.

ÀDÚRÀ: Baba, fún mi ní ẹnu tó ń sọ òótọ́, tí kì í sì í ba iṣẹ́ oníṣẹ́ jẹ́. Rántí àwọn tó ń gbé abọ́ kiri tí ẹnikẹ́ni ò rí. Ìwọ mọ ẹni tó pọn omi. Bùkún iṣẹ́ ọwọ́ wa lónìí, ní orúkọ Jésù. Àmín.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ránṣẹ́ sí ẹlòmíì. Ọjọ́ òní á san wá o.