Òtítọ́ Tọ́ sí Ẹlẹ́wọ̀n Pẹ̀lú



Ìwé Ìṣe àwọn Àpọ́stélì sọ fún wa pé, nígbà tí Pọ́ọ̀lù Mímọ́ wà ní àtìmọ́lé ní Jerúsálẹ́mù, àwọn ọkùnrin tí ó lé ní 40 bá ara wọn mulẹ̀ pé àwọn kì yóò jẹ, àwọn kì yóò sì mu, títí àwọn yóò fi pa á. Ọmọ arábìnrin rẹ̀ gbọ́ ọ̀tẹ̀ náà, ó sì lọ sọ òtítọ́ fún olórí ogun. Nípa ẹ̀rí ọmọ yìí ni àwọn ọmọ-ogun fi sin Pọ́ọ̀lù lọ sí Kesaréà ní òru. Nígbà tí gómìnà sì fẹ́ kí ó padà wá jẹ́jọ́ ní Jerúsálẹ́mù, ó gbé ẹjọ́ rẹ̀ lọ sọ́dọ̀ Késárì. Ẹ̀rí òtítọ́ àti ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn ni Ọlọ́run fi dáàbò bo ìránṣẹ́ rẹ̀.

Ẹnìkan lè wí pé, “Aláìṣẹ̀ ni Pọ́ọ̀lù. Bí ẹni tí ọ̀ràn kàn bá jẹ́ òṣìkà ńkọ́?” Ẹ jẹ́ kí a wo ẹjọ́ kan ní Amẹ́ríkà.

Ní 1979, wọ́n pa ẹlẹ́wọ̀n kan nínú ọgbà ẹ̀wọ̀n Leavenworth ní ìpínlẹ̀ Kansas. Wọ́n ka ikú náà sí iṣẹ́ Aryan Brotherhood, ẹgbẹ́ ìkà àwọn ẹlẹ́wọ̀n aláwọ̀ funfun. Ilé-ẹjọ́ dá Thomas Silverstein, tí ó ń ṣẹ̀wọ̀n nítorí ìdigunjalè, lẹ́bi, ó sì rán an ní ẹ̀wọ̀n gbére. Wọ́n gbé e lọ sí Marion ní Illinois, ibùdó àwọn ẹlẹ́wọ̀n tí ó le jù lọ. Ó pe ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn. Ní 1984, àwọn adájọ́ àgbà fagi lé ìdájọ́ náà, nítorí pé ẹ̀rí kan tí òfin kò gbà ti wọ inú ìgbẹ́jọ́ náà. Kí ọjọ́ yìí tó dé, Silverstein ti gún wọ́dà kan pa ní Marion ní oṣù October 1983. Inú ẹ̀wọ̀n ni ó wà títí ó fi kú ní 2019.

Àṣìṣe ilé-ẹjọ́ kò wẹ ọwọ́ ọkùnrin yìí mọ́; ẹ̀jẹ̀ wọ́dà náà wà lọ́rùn rẹ̀. Ṣùgbọ́n ta ni ẹ̀rí tí kò tọ́ náà ṣe lóore? Kò ṣe olóògbé Leavenworth lóore, nítorí pé ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń béèrè ẹni tí ó pa á ní tòótọ́, kò béèrè ẹni tí ó rọrùn láti tọ́ka sí. Kò sì ṣe àwọn ará ilé rẹ̀ lóore, àwọn tí ìdájọ́ wó lulẹ̀ lójú wọn.

Òfin Kẹjọ kò yọ ènìyàn búburú sílẹ̀. Àwọn baba wa sì wí pé, agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Bí ohun kan bá sọnù ní agbo ilé wa, ẹni tí ó ti ṣẹ̀wọ̀n rí ni ojú gbogbo wa kọ́kọ́ ń wò. “Òun ni, ta ni ìbá tún jẹ́?” Ta ni ó rí i? Kò sí. Síbẹ̀, kí ilẹ̀ tó ṣú, ọ̀rọ̀ náà ti di ẹ̀rí lẹ́nu wa. Ará, bí ojú rẹ kò bá rí i, pa ẹnu rẹ mọ́. Bí o bá sì rí i, sọ ọ́ bí ó ti rí, má ṣe fi kún un, má ṣe yọ kúrò níbẹ̀.

Ẹ rántí Kálfárì. Àwọn ẹlẹ́rìí èké ti jẹ́rìí sí Olúwa wa. Ẹnu olè tí a dá lẹ́bi, tí ó wà lórí àgbélébùú, ni ẹ̀rí òtítọ́ ti jáde pé aláìṣẹ̀ ni Jésù. Ẹ jẹ́ kí a gbàdúrà fún àwọn tí a pa nínú ẹ̀wọ̀n, fún àwọn wọ́dà, fún àwọn adájọ́, àti fún àwọn ẹlẹ́wọ̀n gbogbo, kí Ọlọ́run fi òtítọ́ sí wa lẹ́nu. Nípasẹ̀ Kristi Olúwa wa. Àmín.