Ta Ló Yẹ Kó Dúpẹ́?

Ẹ̀yin ará, ìpàdé kan ló gbé mi dé Chiang Mai, lórílẹ̀-èdè Thailand. Lọ́jọ́ ìsinmi wa, mo jí ní kùtùkùtù, mo fẹsẹ̀ rìn káàkiri ìlú àtijọ́ náà, tí Ọba Mengrai tẹ̀dó ní 1296, tí yàrà olómi ṣì yí ká dòní.

Mo pàdé àwọn mọ́ńkì ẹlẹ́sìn Búdà, abọ́ lọ́wọ́ wọn, wọn ò wọ bàtà. Ìyá àgbà kan bọ́ bàtà tiẹ̀, ó kúnlẹ̀, ó gbé oúnjẹ sínú abọ́ wọn. Wọn ò sọ pé "ẹ ṣé"; wọ́n súre, wọ́n kọjá. Ìyá ló pa ọwọ́ pọ̀, tó tẹríba. Lójú tiwọn, ẹni tó gbà ló fún olóore láǹfààní àtiṣe rere.

Ẹ̀rí ọkàn dá mi lẹ́bi. Mo sanwó ilé ìwé ọmọ aládùúgbò mi kan. Torí pé kò wá dúpẹ́, mo ń bá a yodì. Lóòótọ́, àwọn àgbà ní ẹni tá a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kóni lẹ́rù lọ ni. Ṣùgbọ́n olóore tó ń ṣọ́ ọpẹ́, ṣé ó fúnni ni, àbí ó yáni lówó?

Ẹ̀sìn wọn kì í ṣe tiwa, àmọ́ ìyá yẹn bá mi wí. Nígbà tí mo délé, èmi ni mo kọ́kọ́ lọ kí aládùúgbò mi. Ẹ̀yin ńkọ́? Ta ni ẹ̀ ń bá yodì nítorí ọpẹ́?